Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Mi Ti Lọ

Iyán ni wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìyàwó mi kú, tó sì fẹ́ wá kí mi, á gún iyán, á se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, á kó o sínú kúlà, á gbé e wá. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dáná. Ẹbí, ará àdúgbò àti ará ìjọ ló ń bọ́ ọ. Wọn kì í sì í gbé oúnjẹ kalẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀ títí á fi gbé òkèlè mì, torí àwọn àgbà gbà pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ ọ̀fọ̀ ti ń gbèrò láti bá òkú rẹ̀ lọ ni.

Bẹ́ẹ̀, ṣúgà wà lára èmi tí wọ́n ń bọ́ yìí. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é nínú rédíò, ṣùgbọ́n ṣúgà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti pẹ́ lára mi. Ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ kafíńtà, tí mo ṣì ń gun òrùlé, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe dókítà. Ó rí i pé ibi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, èèrà á bò ó. Ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ gbé sínú tí àwọn èèrà fi ń bá yín ṣọ̀rẹ́?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ọsibítù tí wọ́n gún mi níka, ẹ̀rín tán.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Ó ya àwo tánganran kékeré kan sọ́tọ̀, tí òdòdó pupa wà létí rẹ̀, ó ní ohun tó bá ti ju àwo yẹn lọ kì í ṣe tèmi. Ẹ̀fọ́ ló máa ń kọ́kọ́ bù sí i, á gba ìdajì. Lẹ́yìn náà ló máa wá bu ẹ̀wà sí i, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Iyán kò di èèwọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù mi lọ, ọjọ́ Àìkú nìkan sì ni, lẹ́yìn ìsìn. Tí a bá lọ síbi ìnáwó, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, kí n tó lanu, òun ti dáhùn: "Ẹ ṣeun o, ọkọ mi ti jẹun kó tó kúrò nílé." Inú máa ń bí mi nígbà mìíràn. Mo máa ń ní, "Ìyá, ṣé ọmọdé ni mí ni?" Á ní, "Rárá o. Ẹnu ni ẹ̀yin, èmi ni ìlẹ̀kùn."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ. Òwúrọ̀ ni, ó ń gbá iwájú ilé, mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dákẹ́. Èmi tí gbogbo wa rò pé màá kọ́kọ́ lọ ni mo ṣẹ́kù.

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbé kúlà wọ ilé mi. Mo mọ orúkọ ọmọ wọn, mo mọ orúkọ ìyá tó bí ìyá wọn. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, orúkọ ènìyàn ló gba gbogbo àyè tó wà lórí mi. Síbẹ̀ mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Orúkọ ìyàwó mi kò ṣeé pè lẹ́nu mi nígbà tí mò ń sọ yìí, kò sì tọ́ kí n máa pe ti ẹlòmíràn.

Bàtà tí mo wọ̀ lọ sin ín ló dá wàhálà sílẹ̀. Àkọ́bí wa obìnrin ló rà á, bàtà dúdú tó ń dán. Ó há mi lẹ́sẹ̀, àmọ́ mi ò mọ̀, torí ẹsẹ̀ mi ti kú díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá tẹ òkúta, bí ẹni tẹ òwú ni. Mo dúró létí sàréè, mo rìn padà sílé, mo jókòó ti àwọn àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ti bó. Ká ní ó wà láyé ni, òun ni ì bá ti fọwọ́ sínú bàtà náà wò kí n tó wọ̀ ọ́. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo bàtà mi, bí ẹni ń wá èkúté.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwa oníṣúgà kì í pariwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bà mí lẹ́rù ju ti dókítà lọ. Ó fọ egbò náà, ó dì í, ó ní, "Bàbá, ẹran ara kì í hù dáadáa nínú ṣúgà. Tó bá ṣì ga báyìí nígbà tí ẹ bá padà wá, mi ò ní lè máa tọ́jú egbò yìí níbí mọ́. Màá kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló máa sọ bóyá wọ́n á gé ìka náà tàbí wọn ò ní gé e."

Mo dúpẹ́, mo dìde. Ọkùnrin kan wà ní Emure-Ilé tó máa ń la pákó fún mi. Láti orí ìka ẹsẹ̀ ni tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ìka, wọ́n padà wá gé e lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n tún gòkè sí i. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, "Kafíńtà, wọ́n ń rẹ́ mi bí ẹni ń rẹ́ pákó." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín rín. Kò pé ọdún kan tí a fi lọ sin ín.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa iyán. Ìka ẹsẹ̀ kan ni mò ń ṣọ́, ọsibítù sì ti dá ọjọ́ fún mi.

Ìyá kan láti Iyere ló kọ́kọ́ borí mi. Òun àti ìyàwó mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, wọ́n sì jọ ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbé kúlà sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sunkún tán, ó nu ojú, ó ṣí kúlà. Iṣu tuntun ni. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

"Bàbá wa, ẹ wá jẹun."

"Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, tó bá yá màá jẹ ẹ́."

"Tó bá yá kẹ̀? Iyán tó bá ti dúró di tó bá yá ti di òkúta nìyẹn. Iṣu oko ọkọ mi ni. Èmi fúnra mi ni mo gún un, èjìká mi nìyí tó ń ro mí."

"Ṣúgà ni, ìyá. Ẹ kúkú mọ̀ pé..."

"Ta ni kò ní ṣúgà? Èmi náà ní in! Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi nìkan lẹ ti lè jẹun. Àbí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé e ni?"

Mo fọ ọwọ́. Mo bu òkèlè kan, mo ní kí n kàn fi tù ú nínú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, kò sí ohun tó dùn lẹ́nu mi, gbogbo oúnjẹ dà bí iyẹ̀pẹ̀. Òkèlè yẹn dùn. Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo jẹ iyán náà tán, mo fi ìka lá ọbẹ̀ tó kù. Ìyá Iyere pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i bí? Ẹ ò rí i bí?" Ó gbé kúlà rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Bó ṣe kẹ́sẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ̀rù dé.

Mi ò ní pa irọ́ pé iyán yẹn nìkan ni. Ọjọ́ kejì, kúlà mìíràn dé láti ilé kejì. Mo sọ fún ara mi pé ìgbà tí mo ti bà á jẹ́ lánàá, kí ni mo tún ń ṣọ́? Mo wá mọ̀ nísinsìnyí pé èrò yẹn gan-an ló burú jù, ó burú ju iyán fúnra rẹ̀ lọ. Aṣọ tó ya díẹ̀, ẹni tó ni ín ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ fà á ya dé ìsàlẹ̀. Mo jẹ ti ilé kejì. Mo mu mínírà tí àwọn ará ìjọ gbé wá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí àlejò tán, tí ilé pa lọ́lọ́, mo jókòó ti búrẹ́dì, mò ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Ebi kò pa mí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ kí nǹkan máa dún nínú ilé ni.

Láàárọ̀, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tọ̀ sára ògiri, mo wá ibì kan jókòó sí. Kò pẹ́ tí èèrà àkọ́kọ́ fi yọ lábẹ́ bíríkì. Ó yí ibẹ̀ ká, ó padà lọ pe àwọn ará ilé rẹ̀. Kí n tó dìde, wọ́n ti tò lọ tò bọ̀ bí èrò ọjà. Ọkàn mi já. Mo tú báńdéèjì ẹsẹ̀ wò, egbò náà tutù, etí rẹ̀ funfun. Mo gbé e sún mọ́ imú, mo gbóòórùn rẹ̀ wò. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń rùn tàbí ẹ̀rù mi ló ń rùn.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ télọ̀ láàárín ìlú wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mùsùlùmí ni, a ti jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù wa ti kọjú síra. Ó bá mi tí mo ń lọ ewúro.

"Kafíńtà, ta lo fẹ́ se ọbẹ̀ fún?"

"Omi rẹ̀ ni mo fẹ́ mu. Ó ń fọ ṣúgà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ènìyàn."

"Gbogbo ènìyàn ló sọ fún ọ pé kí o jẹ iyán náà." Ó jókòó, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì gbé ojú kúrò kíákíá. "Ìwọ tí o máa ń fi tépù wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kí o tó rẹ́ ẹ, o ò rí iyán wọ̀n?"

"Tépù mi ti kú, Télọ̀."

Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Ẹni tó máa ń fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́ ló wá ń ṣàdúrà yẹn. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì yẹn o. Má lọ ṣe ọgbọ́n orí."

Ọgbọ́n orí náà ni mo sì ṣe. Bí kafíńtà ni mo ṣe rò ó. Bí pákó bá gùn jù, a kì í jù ú nù, ibi tó lé ni a máa ń rẹ́ kúrò. Mo ní ọjọ́ ọsibítù kù díẹ̀, kí n yáa rẹ́ gbogbo ìjẹkújẹ mi dànù kí n tó débẹ̀. Mo ṣíwọ́ oúnjẹ. Mo ń mu omi ewúro láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn tó gbé kúlà wá, mo sọ fún wọn pé inú ń run mí. Oògùn kékeré kan sì wà tí mò ń lò kí n tó jẹun láàárọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n ní kí n máa lò, mo sọ ọ́ di méjì. Mo rò pé bí iyán bá jẹ́ ìlọ́po méjì, oògùn náà á jẹ́ ìlọ́po méjì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń lọ sí ọsibítù, mo tún tọ̀ sára ògiri. Mo dúró, mo wò ó títí. Èèrà kan kò yọjú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo padà wọlé, mo gbé oògùn méjì mì, mo wọ aṣọ.

Àbúrò ìyàwó mi obìnrin ti dé láti Ute. Àgbẹ̀ ni, apá rẹ̀ le bí ti ọkùnrin, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ débi pé tó bá kí mi láti ìta, àyà mi á kọ́kọ́ já. Ó ní òun ni yóò máa sìn mí lọ sí ọsibítù báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń sìn mí kò sí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀wà."

"Ìkòkò ẹ̀wà náà dà?"

"Àbúrò, ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?"

"Ọmọ ìyá ọlọ́pàá ni mí," ó ní. A rẹ́rìn-ín, a gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ.

Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà. Àwa oníṣúgà a mọ ara wa. Mo kí tọ̀tún, mo kí tòsì, mo bi olúkúlùkù léèrè ọmọ lórúkọ lórúkọ. Láàárín ìkíni ni mo ṣàkíyèsí pé orúkọ ìyá kan sọ nù mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tí mo ti mọ̀ fún ogójì ọdún! Mo wò ó, ojú rẹ̀ di méjì. Òtútù mú mi, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí itan. Mo ní kì í ṣe nǹkan kan, ẹ̀rù nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń làágùn."

"Fi mí sílẹ̀."

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Mo ní kí o fi mí sílẹ̀! Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́ láti Ute?" Ohùn mi ròkè. Èmi tí mi ò bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ní gbangba, mo ń bú u lójú gbogbo èrò. Ó dìde. Ó sáré lọ pe nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gún mi níka lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ bá mi po ṣúgà sínú omi, kíákíá!"

Ẹ gbọ́ mi o. Nínú orí mi tó ti dàrú yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́: ṣúgà. Mo rí ife tó ń bọ̀, mo rí ẹsẹ̀ mi tí wọ́n ń rẹ́. Mo pa ẹnu dé. Mo fi ọwọ́ gbá ife náà, ìdajì rẹ̀ dà sára aṣọ mi. Mo ní, "Ẹ fẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀! Mo ti gbààwẹ̀, kò sí èèrà kankan, ẹ bi àwọn èèrà!" Wọ́n ní ohun tí mo sọ nìyẹn. Èmi ò rántí gbogbo rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló gba ife náà. Ó jókòó tì mí, ó fi apá kan gbá mi mọ́ra. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ sí ètè mi, ó fi ìka méjì dì mí nímú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rọ ọmọ ọwọ́ lágbo. Ẹni tí wọ́n bá dì nímú kò ní pẹ́ lanu. Mo lanu, ó rọ ọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń wo ọ̀fun mi, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ fi imú yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀." Ìyá àgbà kan ké láti ìparí bẹ́ǹṣì pé, "Ẹ rọ ọ́ dáadáa! Ọmọ tuntun ni, kò mọ ohun tó dáa fún un!" Mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo ń sunkún, mo ń gbé omi ṣúgà mì.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ayé padà wálẹ̀. Ojú ìyá ọ̀hún padà di ọ̀kan. Orúkọ rẹ̀ padà sí mi lẹ́nu. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì díẹ̀ àti ẹyin, nọ́ọ̀sì jókòó tì mí.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Mo wo àbúrò ìyàwó mi. "N kò jẹ nǹkan kan."

"Lánàá ńkọ́?"

"Omi ewúro."

"Oògùn ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo ti jẹ iyán tó pọ̀. Mo fẹ́ rẹ́ ẹ kúrò."

Mo retí pé á bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ká ní ilé lẹ wà nígbà tó ṣẹlẹ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni, ibi tí ẹ bá sùn sí náà ni wọn ì bá bá yín. Oògùn yẹn ń wá oúnjẹ láti bá jà. Tí kò bá rí oúnjẹ, ẹ̀yin ló máa bá jà. Ẹ gbọ́, gbogbo wa la máa ń jẹ àjẹjù. Ẹni tó bá jẹ iyán jù lọ́sàn-án kò gbọdọ̀ fi ebi san án lálẹ́, kò sì gbọdọ̀ ní ó ti bàjẹ́ kí ó wá máa jẹ lọ. Kó padà sí oúnjẹ rẹ̀ ni. Oúnjẹ tó kàn gan-an ni kó ti padà. Oògùn yín sì ni oògùn yín, ẹyọ kan."

"Ìka mi ńkọ́?" Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ó tú báńdéèjì. Ó wò ó pẹ́. "Mi ò lè sọ lónìí. Ohun tí ẹ̀rọ yìí sọ lónìí, ẹ̀yin lẹ fi ebi dá a. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹ jẹun bí ìyàwó yín ṣe ń bọ́ yín tẹ́lẹ̀, kí n lè mọ ibi tí a wà ní ti tòótọ́. Ìgbà yẹn ni màá mọ̀ bóyá màá kọ ìwé yẹn."

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa délé, àbúrò ìyàwó mi ní, "Ìkòkò ẹ̀wà dà, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní, "Má bínú." Ó ní, "Mi ò bínú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnì kan. Oko tún ń dúró dè mí, mi ò ráàyè sin ẹlòmíràn." Ó kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá kejì, kò padà sí Ute lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìyá Iyere padà wá kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu géètì. Kúlà náà ló gbé lọ́wọ́, èyí tó ní ọmọrí búlúù. Àbúrò ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì, mo rí i pé ó ti fẹ́ lanu, ó ti fẹ́ ní "ẹ ṣeun o, ó ti jẹun". Mo ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dúró. Mo dìde, mo lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú àwo tánganran kékeré yẹn, èyí tó ní òdòdó pupa. Láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún. Mo bu ẹ̀fọ́ tó wà lórí iná sí ìdajì rẹ̀. Mo wá gé iyán, mo gbé ìkúùkù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Ó pọ̀ díẹ̀. Mo tún gé e.

Ìyá Iyere ń wò mí. "Kí nìyí? Oúnjẹ ẹyẹ?"

"Tèmi nìyí. Ìyókù, ẹ̀yin méjèèjì ẹ wá bá mi jẹ ẹ́."

"Èmi ni mo gbé e wá, kí n tún jókòó tì í? Bàbá wa, ẹni tí kò jẹ oúnjẹ ọ̀fọ̀..."

"Ẹni tí kò jẹ ẹ́ fẹ́ bá òkú rẹ̀ lọ. Mo gbọ́. Èmi ò fẹ́ bá a lọ báyìí, ìdí tí mo fi gé e nìyẹn." Mo gbé àwo náà síwájú ara mi. "Mo jẹ gbogbo tẹ́lẹ̀ nítorí yín. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òkú mi kúrò lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Ẹ bi àbúrò."

"Mo rọ ọ́ bí ọmọ ọwọ́," àbúrò ìyàwó mi ní.

Ìyá Iyere kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́, pé á gbé kúlà rẹ̀ kò ní wọlé mi mọ́, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ẹ́. Ó wo àwo kékeré náà pẹ́, ó mọ̀ ọ́n, òun náà ti rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa kúlà sún mọ́ ara, ó bu òkèlè kan, kò gbé e sẹ́nu. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ń rí nọ́ọ̀sì yín?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gún mi níka. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́." Ó da òkèlè náà padà. "Èmi náà, tí mo bá tẹ ilẹ̀ báyìí, ó ń dà bíi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé àwa mẹ́ta la gun kẹ̀kẹ́ kan lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò wo èèrà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́, mo lo oògùn ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì gún mi níka. Ó wo ẹ̀rọ, ó ní, "Ó ṣì ga." Mo fẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa, mi ò tíì parí. Ó ṣì ga, kò ga tó ti àkọ́kọ́." Ó tú ẹsẹ̀, ó fi òwú nu ún, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Mo wo bírò tó wà lápò rẹ̀. Mo rò pé tó bá ti fà á yọ, ó ti tán nìyẹn.

"Etí rẹ̀ ti ń pupa," ó ní. "Ẹran tuntun nìyẹn. Mi ò ní kọ ìwé kankan lónìí. Ẹ máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a máa wò ó. Ta ló wá ń bá yín ṣọ́ oúnjẹ báyìí?"

Orúkọ ìyàwó mi bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Bí mo ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè yẹn nìyẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo gbọ́ ọ létí ara mi, odindi, látòkè délẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn mi di èjìká mi mú. Nọ́ọ̀sì ṣì ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kò sí òwúrọ̀ kan tí mi ò kí ìka náà kí n tó kí ènìyàn. Mo ṣì ń ṣìṣe pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ àgbàdo sísè níwájú ilé Télọ̀, mo jẹ ẹyọ kan, mo tún mú èkejì, òun ló gbà á lọ́wọ́ mi tó jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo délé, mo jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nínú àwo kékeré bí ìṣe mi, mo lo oògùn mi ẹyọ kan, mo sùn. Bàtà dúdú yẹn, mo ti fún ẹni tó bá a mu. Sáńdà fífẹ̀ tó bo ìka ni mò ń wọ̀ báyìí. Kí n tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ti ọwọ́ sínú rẹ̀ títí dé ìparí, mo máa ń wá ibẹ̀ kiri, bí ẹni ń wá èkúté.